BÍ A ṢE Ń TÚ EWÌ PALẸ̀: ÌLÀNÀ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó dá mi lójú pé kò sí ẹnì kan nínú wa tí a kò tíì gbé ewì fún rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú àṣẹ kúkúrú yìí: ‘Ṣe àtúpalẹ̀ ewì yìí.’ Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó sáré fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀, a ó sì wá máa ka ọnà-èdè bí ẹni ń ka owó ẹyọ: àfiwé tààrà kan, àwítúnwí méjì, ìfohunpènìyàn kan. Bí a bá ti kà wọ́n tán, a ó gbà pé iṣẹ́ parí. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún kejì tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́, mo ka ọnà-èdè mẹ́rìnlá jáde nínú ewì kan tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí olùkọ́ wa dá ìwé padà, máàkì márùn-ún nínú ogún ni mo rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi yíǹkì pupa kọ sí etí ìwé náà: ‘Kí ni gbogbo wọn ń ṣe níbẹ̀?’

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi gbogbo àròkọ yìí dáhùn.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ewì kékeré kan ni a ó jọ tú palẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. N kò fẹ́ mú ọ̀kan nínú ewì àwọn àgbà akéwì, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ti gba nóòtì lórí wọn, nóòtì náà ni a ó sì máa rántí dípò kí a wo ewì. Èyí kò ní nóòtì kankan. Mo pè é ní ‘Àkàrà Ìdájí’:

Àkùkọ kò tíì kọ, èéfín ti jí.
Èéfín ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Ará ilé ń wúkọ́, ará ọ̀nà ń gbé itọ́ mì.
Ó bu kan sínú epo, epo ké ṣàà;
Ó bu méjì sínú epo, epo ké ṣàà;
Ó bu ogún, ó bu ọgbọ̀n, epo dákẹ́.
Ọwọ́ kún fún iṣẹ́,
Àpò ò kún fún owó.
Elépo dé, ó gba tirẹ̀;
Ẹlẹ́wà dé, ó gba tirẹ̀;
Onígi dé, ó gba tirẹ̀.
Ó ku ọ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀ abọ́.
Èmi ni mo jẹ ẹ́, n kò bi í bóyá ó ti jẹun.

Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún ní ewì yìí kí wọ́n tú u palẹ̀, n kò sì sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ ọ́. Mẹ́rin nínú wọn kọ ọ́ pé ewì náà ń yin ìyá tí ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo, arábìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì, ni ó kọ nǹkan mìíràn. Èmi yóò padà sí ohun tí ó kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka ewì náà sókè. Mo mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ènìyàn ka nǹkan sókè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sọ ọ́ di àṣà nílé yóò lè fi etí inú gbọ́ ọ níbẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kìíní, kà á bí ìwé ìròyìn. Ẹ̀ẹ̀kejì, kà á pẹ̀lẹ́, kí o máa dúró ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kà á bí ẹni pé ìwọ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ní fóònù lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì tẹ́tí sí i. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀ ni ibi tí kò tíì yé ọ.

Ìgbà tí a bá ń kà á sókè ni àmì ohùn máa ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi da ewì yìí kọ sínú ìwé rẹ̀ láìfi àmì sí i. Nígbà tí ó padà sí i ní alẹ́, ó ka ìlà keje sí ‘Ọwọ́ kún fún ìṣẹ́’. Ẹ wo bí àmì kékeré kan ṣe yí ilé dà: obìnrin tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ di obìnrin tí òṣì kún ọwọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ ojú-ìwé kan àbọ̀ lórí òṣì. Ẹjọ́ rẹ̀ dára, àwíjàre rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ewì ni ó kọ́ ọ lé. Bí wọ́n bá gbé ewì tí kò ní àmì fún ọ, fi àmì sí i fúnra rẹ kí o tó ṣe ohun mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe é kà ní ọ̀nà méjì, kọ ọ̀nà méjèèjì sí etí ìwé, kí o sì jẹ́ kí ìlà tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e dá ẹjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì kò gba àkókò púpọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ojú máa ń tì láti ṣe é. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ewì náà ní gbólóhùn mẹ́ta, ní èdè tí o lè fi sọ ọ́ fún àbúrò rẹ. Obìnrin kan jí ní ìdájí láti dín àkàrà. Àwọn tí ó jẹ ní gbèsè wá gba owó wọn títí kò fi ku nǹkan kan fún un. Àkàrà kan ṣẹ́ kù, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì jẹ ẹ́ láìbéèrè bí obìnrin náà ti jẹun. Ẹni tí kò bá lè sọ èyí kò tíì yẹ ní ẹni tí ń dárúkọ ọnà-èdè.

Inú ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí kò yéni ti ń jáde. Wo ìwé atúmọ̀-èdè bí ó bá wà nítòsí. Èyí tí C.M.S. tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1913 àti ti R. C. Abraham tí ó jáde ní ọdún 1958 ṣì wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí ìwé kò bá ràn ọ́ lọ́wọ́, bi àgbà. Ṣùgbọ́n má ṣe gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ ọ lára náà lè tàn ọ́ jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan túmọ̀ ‘ẹlẹ́wà’ nínú ìlà kẹwàá sí arẹwà ènìyàn. Ó ní arẹwà kan wá bá obìnrin náà, ó sì gba ọkọ rẹ̀ lọ! A rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, bí a bá fi òótọ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a ń kọ tí a sì ń pè bákan náà. Ohun tí ó yẹ kí ó gbà á là ni àwọn aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà: elépo wà níwájú, onígi wà lẹ́yìn. Láàárín ẹni tí ń ta epo àti ẹni tí ń ta igi ìdáná, ta ni ẹlẹ́wà lè jẹ́ bí kò ṣe ẹni tí ń ta ẹ̀wà?

Wàyí o, ìgbésẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ kí a dúró lé jù, nítorí níbẹ̀ ni mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ṣubú. Béèrè pé: ta ni ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Gbogbo wọn kọ ọ́ pé ‘ìyá akéwì’ ni ó ń dín àkàrà. Ẹ padà lọ wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ náà ‘ìyá’ nínú ewì yìí láti òkè dé ilẹ̀. ‘Ó’ ni a pe obìnrin náà jálẹ̀. Kódà, a kò sọ pé obìnrin ni. Àwa òǹkàwé ni a mú ‘ìyá’ wá láti ilé. N kò sọ pé a ṣì í o. Ẹni tí ń jẹ àkàrà ìsàlẹ̀ abọ́ láìsanwó, ó ṣòro kí ó má jẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ pé: ‘Ewì náà kò pè é ní ìyá, ṣùgbọ́n ìlà kejìlá àti ìkẹtàlá jẹ́ kí a rò pé ọmọ ni ń sọ̀rọ̀.’ Ó ti fi ẹ̀rí hàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún béèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi pè é ní ìyá. Ṣé ojú ni ó ń tì í?

Ọ̀rọ̀ ‘ó’ yìí tún ní ẹ̀ka mìíràn. Ọmọ tí a tọ́ ní ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè bíi ti Ọ̀yọ́ yóò sọ pé ‘wọ́n’ nípa ìyá rẹ̀. Ṣé àfojúdi ni ‘ó’ nígbà náà? Ẹ má ṣe yára dájọ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè wọn láìsí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bákan náà, nínú oríkì, ‘o’ ni a fi ń ki ọba àti òrìṣà. Nítorí náà, ‘ó’ nìkan kò lè sọ pé ọmọ náà jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ‘wọ́n’ ìbá ti mú kí òǹkàwé rò pé ènìyàn púpọ̀ ni ó ń dín àkàrà. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kò sì ní olùrànlọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ ewì alohùn ni wọ́n gbé fún ọ, ìbéèrè yìí yóò gbòòrò sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí fi hàn wá nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1984 pé ohun tí ó wà nínú àwọn ewì kan ni a fi ń dá wọn mọ̀, irú bí oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí a ṣe ń gbé ohùn jáde ni a fi ń mọ̀ wọ́n, irú bí ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó. Oríkì kan náà lè wà lẹ́nu ọdẹ, kí a pè é ní ìjálá, kí ó sì wà lẹ́nu ìyàwó tí ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, kí a pè é ní ẹkún ìyàwó. Orí pépà nìkan kò lè sọ èyí fún ọ. O ní láti mọ ẹni tí ń sun ún, ibi tí ó wà, àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ṣe é dáadáa, kí ó lọ ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní ọdún 1966.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí àkàrà wa. Ìgbésẹ̀ kẹrin: wá ibi tí ewì náà ti yí padà. Fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí nǹkan kan ti dópin tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti èéfín àti àwọn ará àdúgbò. Mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti epo. Lẹ́yìn èyí ni ìlà kúkúrú méjì, lẹ́yìn wọn ni àwọn olówó mẹ́ta, kí ó tó wá ku ìlà méjì tí ó parí rẹ̀. Ní tèmi, ‘epo dákẹ́’ ni oríta. Kí a tó dé ibẹ̀, ariwo ni gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn ń dún, ikọ́ ń dún, epo ń ké. Láti ibẹ̀ lọ, a kò gbọ́ ìró kankan mọ́. Àwọn olówó dé, wọ́n gba owó, a kò gbọ́ ohùn wọn. Wo iye náà pẹ̀lú: kan, méjì, ogún, ọgbọ̀n, ó ń gòkè lọ bí ẹni tí yóò là, lójijì, ó ku ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Elépo gba tirẹ̀, ẹlẹ́wà gba tirẹ̀, onígi gba tirẹ̀. Etí wa ti ń retí ìlà kẹrin tí obìnrin náà yóò fi gba tirẹ̀. Ìlà náà kò dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ọnà-èdè, ẹ sì rí i pé ó pẹ́ kí a tó dé ibẹ̀. Má ṣe kó gbogbo wọn. Mú èyí tí ó rù ewì náà, bóyá méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè olùkọ́ mi: kí ni o ń ṣe níbẹ̀?

Gbólóhùn adọ́gba wà ní ìlà kẹsàn-án sí ìkọkànlá. A ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó kọ́ etí wa láti retí ohun tí kò ní dé. Ìfọ̀rọ̀dárà wà láàárín ‘ọwọ́’ àti ‘owó’. Ohùn kan náà ni méjèèjì ní, fáwẹ̀lì nìkan ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ‘kún fún iṣẹ́’ àti ‘kún fún owó’ ní orin kan náà lẹ́nu. Etí ń gbọ́ ìjọra, ọpọlọ ń gbọ́ ìyàtọ̀. Ohun tí obìnrin náà sì rò nìyẹn nígbà tí ó jí: pé bí ọwọ́ bá kún, àpò yóò kún.

Àfiwé tààrà tí ó wà ní ìlà kejì ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi tọ́ka sí. Mẹ́ta nínú wọn kọ ọ́ pé ‘ó mú kí ewì náà dùn’. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ kí a pa gbólóhùn yẹn run nínú ẹgbẹ́ wa. Ohun gbogbo ni ó lè mú ewì dùn. Kí ló dé tí èéfín kò fi kan ilẹ̀kùn bí àlejò, tàbí bí olè? Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni, nítorí pé àwọn tí a jẹ ní gbèsè ń bọ̀ lóòótọ́ ní ìlà kẹsàn-án. Èéfín ni alóre wọn.

Ibí yìí ni arábìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ ‘jẹ’ ní ìlà kejì, ó tún fa ìlà sábẹ́ ‘jẹ’ ní ìlà tí ó kẹ́yìn. Ó kọ ọ́ pé: ‘A ń jẹ oúnjẹ, a sì ń jẹ gbèsè. Ẹni tí ó sọ pé “èmi ni mo jẹ ẹ́” ń sọ̀rọ̀ nípa àkàrà, ṣùgbọ́n ìlà kejì kò jẹ́ kí a gbàgbé ìtumọ̀ kejì. Àwọn olówó mẹ́ta gba tiwọn tán. Onígbèsè kan ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò sìn ní gbèsè, òun sì ni ó ń sọ ìtàn náà.’ Lójú tirẹ̀, ewì náà kì í ṣe ìyìn fún ìyá rere. Ìjẹ́wọ́ ni.

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó. Kí n má purọ́ fún yín, n kò ronú kan ‘jẹ’ méjèèjì yìí nígbà tí mo ń kọ ewì náà. Ṣé ó wá lè wà nínú rẹ̀? Ó wà níbẹ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí pépà, ó tọ́ka sí ìlà tí wọ́n wà, ìtumọ̀ méjèèjì sì jẹ́ Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ. Akéwì kò lè dìde kí ó ní òun kò fún un láyè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, lórí ohùn ìparí ìlà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Má ṣe wá ìbáramu ìró ìparí ọ̀rọ̀ bíi ti ewì Gẹ̀ẹ́sì, má sì ṣe ka sílébù kí o máa bínú pé wọn kò dọ́gba. Wo ohùn. Nínú ìlà mẹ́tàlá wa, méje ni ó fi ohùn ìsàlẹ̀ parí, márùn-ún fi ohùn òkè parí. Ìlà tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó fi ohùn àárín parí, ní ‘jẹun’. Ó dúró lágbedeméjì bí ẹni tí ó la ẹnu tí kò sì béèrè. Àtìlẹ́yìn ni irú ẹ̀rí yìí o, kì í ṣe òpó. Bí ìtumọ̀ rẹ kò bá ti dúró tẹ́lẹ̀, ohùn nìkan kò lè gbé e.

Nígbà tí ó bá wá kan kíkọ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ó sọ ohun tí ewì náà ń ṣe, kí gbogbo ẹ̀rí rẹ máa ṣiṣẹ́ fún gbólóhùn náà. Má ṣe kọ pé: ‘Àwítúnwí wà ní ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún.’ Kọ ọ́ pé: ‘Akéwì tún igbe epo wí ní ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún kí ìdákẹ́jẹ́ ìlà kẹfà lè bá wa lójijì.’ Orúkọ ọnà-èdè lè tẹ̀ lé e bí o bá fẹ́. Mo ti rí i pé ẹni tí ó bá kọ ọ́ báyìí kì í rí àyè kọ ju ọnà-èdè mẹ́rin lọ, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù máàkì nítorí rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo ka ewì yìí fún ìyá mi tí wọ́n dín àkàrà tọ́ wa dàgbà. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní kí n tún apá ti elépo kà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, ‘Ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa mí? Kí ẹ tó jí ni mo ti máa ń jẹ méjì tèmi.’

Mo sọ èyí fún arábìnrin yẹn nígbà tí a wọlé padà. Mo bi í bóyá yóò yí ohun tí ó kọ padà báyìí tí ó ti mọ òótọ́. Ó ní rárá, pé ìyá mi ti jẹun, ṣùgbọ́n ti inú ewì kò tíì jẹ.